Ilẹ̀kùn Ògògà Wà ní London: Wíwo Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Láìsí Afinimọ̀nà

Kí ìjọba tó kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan, ààfin ni iṣẹ́ ọnà Èkìtì máa ń wà. Òpó ń gbé òrùlé ró, ilẹ̀kùn ń ṣí, ó ń tì, ẹni tó bá wá kí ọba sì ń wò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 1945, nítorí ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan tó wà níbẹ̀. Ti Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ti Ọ̀wọ̀ dé ní 1968, nínú ọgbà ààfin Ọlọ́wọ̀. Nínú wọn, Ọ̀wọ̀ ló súnmọ́ ará Adó-Èkìtì jù, àmọ́ nígbà tí Èkìtì yà kúrò lára Oǹdó ní 1996, ọ̀dọ̀ Oǹdó ni Ọ̀wọ̀ ṣẹ́ kù sí.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, níbi tí kò bá ti sí afinimọ̀nà, bí òṣìṣẹ́ bá ti gba owó yín tán, ojú yín ló kù tí yóò máa mú yín kiri. Ẹ ka káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère. Bó bá jẹ́ "Ère igi, Èkìtì" nìkan ló wà níbẹ̀, ẹni tó kó o wá kò béèrè ẹni tó gbẹ́ ẹ nìyẹn. Ìwà àwọn òyìnbó amúnisìn ni, àwa náà kò sì tíì fi sílẹ̀ tán.

Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀, agbẹ́gilére ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó kú ní 1938, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, láàárín 1910 sí 1914. Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, jókòó lápá kan, òun àti àwọn olorì rẹ̀. Lápá kejì, òyìnbó aṣojú ìjọba ń bọ̀, àwọn èèyàn ló gbé e. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ síbi ìpàtẹ ńlá ní Wembley, ní London, ní 1924. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kọ̀, ó ní kí wọ́n ṣe ìtẹ́ fún òun ní ìlú òyìnbó kí wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé wọ́n rẹ́ ọba náà jẹ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀: Ọlọ́wẹ̀ ṣì wà láàyè nígbà náà, ọwọ́ rẹ̀ sì lè gbẹ́ òmíràn.

Òpó kan láti ààfin kan náà wà ní Art Institute ní Chicago. Olorì àgbà dúró lẹ́yìn ìtẹ́, ó ga ju ọba lọ fíìfíì. Kì í ṣe pé agbẹ́gilére ṣi ìwọ̀n: ọwọ́ olorì yẹn ló ń gbé adé lé ọba lórí lọ́jọ́ ìwúyè. Irú nǹkan báyìí ni kí ẹ máa wá bí ẹ bá ń dá wòran: ta ló tóbi, ta ló kúnlẹ̀, ta ló wà lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ìjòyè, láti ààfin Ewì ní Adó dé ti Arínjálẹ̀ ní Ìsẹ̀, níbikíbi tí òpó àtijọ́ bá kù sí, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ àti ọba tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ mọ́ ọn nísinsìnyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà. Bébà àti bírò nìkan ló gbà. Ẹ má dúró de Àbújá.