Ìgbà Tí Kọ̀ǹpútà Kì Í Tètè Dáhùn

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ní Yaba, ọ̀dọ́ kan fi PyTorch ro 3 pọ̀ mọ́ 4, 7 sì yọ lójú ẹsẹ̀. Bàbá tó ń kọ́ wọn níṣẹ́ kóòdù wò ó, ó ní: “Nígbà tiwa, o ò lè rí 7 yẹn bẹ́ẹ̀. Wàá kọ́kọ́ la ọ̀nà rẹ̀ ná.”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Theano, irinṣẹ́ kóòdù ti Yunifásítì Montreal, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ àṣà kíkọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. TensorFlow tí Google gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 tẹ̀ lé e.

Nínú TensorFlow ìgbà náà, bí ẹ bá kọ c = tf.constant(3) + tf.constant(4), tí ẹ ní kó tẹ c jáde, ohun tí ẹ máa rí ni Tensor("add:0", shape=(), dtype=int32). Kò tíì ṣírò nǹkan kan. Gíráàfù, ìyẹn àwòrán ọ̀nà ìṣírò náà, ló ṣì yà: kókó mẹ́ta, méjì fún nọ́ńbà, ọ̀kan fún àròpọ̀. Ó dìgbà tí ẹ bá ṣí session, tí ẹ kọ sess.run(c), kí 7 tó jáde. Ìdí wà fún un. Bíi télọ̀ tó wọn aṣọ délẹ̀ kó tó gé e, ẹ̀rọ tó ti rí gbogbo iṣẹ́ lè yọ èyí tí kò wúlò sílẹ̀, kó sì pín ìyókù fún GPU.

Ta ló wá yí i padà? Àwọn ọ̀dọ́ á ní Facebook tó ṣe PyTorch ni, torí PyTorch ni wọ́n bá láyé. Èmi ò gbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, kí TensorFlow tó dé rárá, Preferred Networks ní Tokyo ti gbé Chainer jáde, níbi tí gíráàfù ti ń hù bí ìlà kóòdù kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ará Harvard náà ní irinṣẹ́ tiwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, autograd. Ẹni tó bá gbè sẹ́yìn wọn kò jayò pa. Àwọn tó ṣe PyTorch fúnra wọn sọ pé àwọn kọ́gbọ́n lára méjèèjì. Síbẹ̀, ní ìparí ọdún 2019, Preferred Networks kéde pé PyTorch làwọn náà ń kó lọ. Ó dùn mí fún wọn.

Lọ́dún kan náà, TensorFlow 2.0 sọ ìdáhùn ojú ẹsẹ̀ di àṣà tirẹ̀. Gíráàfù wá sá pamọ́ sínú tf.function. Ó rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ọmọ ń lo ohun tí wọn ò rí inú rẹ̀ rí. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ sess.run lẹ́ẹ̀kan péré. tf.compat.v1 ṣì wà nínú TensorFlow fún un.