Ọjá Ìkookò Tó Ń Kú Lọ Nínú Ìkòkò: Bí Ẹ Ṣe Lè Gbà Á Là

Ìwé ìlàlóye fún ẹnikẹ́ni tó gbin òdòdó sí pálọ̀, sí ọ́fíìsì tàbí sí ẹnu ọ̀nà ilé

Ta ni a kọ ìwé yìí fún?

Bí ewé ọjá ìkookò yín bá ti ń rọ̀, tó ń pọ́n, tàbí tó ti dùbúlẹ̀ sí etí ìkòkò, ẹ má tíì gbé e lọ sí ààtàn. Ewéko tí kì í tètè kú ni. Bó bá ku gbòǹgbò díẹ̀ tó ṣì le, tàbí ewé kan tí kò tíì rà, ó ṣì lè padà bọ̀ sípò. Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò, ohun tí ẹ máa ṣe, àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ló wà nínú ìwé yìí.

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ má gbàgbé èyí: ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ìkòkò wò kí ẹ tó bu omi. Omi àpọ̀jù ń pa ọjá ìkookò inú ilé ju òǹgbẹ lọ. Ẹni tó fẹ́ràn òdòdó rẹ̀, tó rí i pé ewé ń rọ̀, á sáré bu omi sí i, bẹ́ẹ̀ omi náà gan-an ni àìsàn tó ń ṣe é. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Ẹ mọ irú ewéko tó jẹ́

Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà ni ọjá ìkookò. Láti Nàìjíríà títí dé Kóńgò ló ti ń hù fúnra rẹ̀, kó tó di pé wọ́n ń gbìn ín sínú ilé káàkiri ayé. Àwọn kan ń pè é ní pàṣán kòríkò. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń pè é ní snake plant, nítorí ìlà ara rẹ̀ tó dà bíi ti ejò. Sansevieria ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2017 ni wọ́n ti kó o mọ́ Dracaena. Okùn inú ewé rẹ̀ yi débi pé wọ́n ti fi ṣe ọsán ọrun rí.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ara rẹ̀.

Èkíní, ó ń tọ́jú omi pamọ́. Ewé rẹ̀ nípọn nítorí omi tó wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ ilẹ̀, ó ní ìtàkùn kan tó nípọn, tó ń ta káàkiri bí ata ilẹ̀. Omi wà níbẹ̀ náà.

Èkejì, òru ló ń ṣí ihò ara ewé rẹ̀ láti mí. Tí oòrùn bá mú, ó ti pa wọ́n dé, omi ara rẹ̀ kì í sì í jò lọ. Ìdí nìyí tí omi ẹ̀ẹ̀kan fi lè tó o fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta, gbòǹgbò rẹ̀ ń mí. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ ló ń lò. Bí omi bá gba àyè afẹ́fẹ́ yẹn fún ọjọ́ púpọ̀, èémí gbòǹgbò á há, á kú, àwọn kòkòrò àìfojúrí á sì mú un jẹrà. Gbòǹgbò tó ti rà kò lè fa omi mọ́. Nígbà yẹn, òǹgbẹ á máa gbẹ ewé lókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà nínú omi.

Àmì tí ẹ máa rí, àti ohun tó ń sọ

• Ìdí ewé rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, ó ń ṣubú, ó sì ń rùn: omi ti pọ̀ jù, gbòǹgbò ti ń rà.

• Ewé hunjọ, ó ká sínú, iyẹ̀pẹ̀ sì gbẹ táútáú: òǹgbẹ ni. Ẹ bomi rin ín dáadáa.

• Ewé hunjọ, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tutù: ẹ ṣọ́ra. Àmì yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Gbòǹgbò ti bàjẹ́. Ẹ má bu omi kankan sí i mọ́.

• Ṣóńṣó orí ewé gbẹ, ó sì di àwọ̀ ilẹ̀: ó lè jẹ́ ọyẹ́, ó lè jẹ́ ajílẹ̀ àpọ̀jù, ó sì lè jẹ́ omi tí kò ní ìgbà.

• Àmì funfun tàbí àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ lójú ewé, lẹ́yìn tí ẹ gbé e láti inú yàrá bọ́ sí oòrùn gangan: oòrùn ló jó o.

• Ewé tuntun tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lágbára: ìmọ́lẹ̀ kò tó.

• Ìkòkò rọ́bà wú tàbí ó ya: kò ṣàìsàn rárá. Ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ ló ti kún inú ìkòkò. Ẹ gbé e sí èyí tó tóbi díẹ̀ sí i.

Ẹ fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ dán an wò

Ẹ fa ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan yọ. Ẹ rọra tì í bọ inú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, ẹ ka ọgbọ̀n, kí ẹ sì fà á jáde. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tó tutù nígbà tí ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ẹ má bomi. Bó bá jáde gbígbẹ mọ́nímọ́ní, àkókò omi ti tó. Ojú iyẹ̀pẹ̀ lásán kì í sọ òtítọ́: òkè lè gbẹ bí eruku kí ìsàlẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrẹ̀.

Ìtọ́jú gbòǹgbò tó ti rà

1. Ẹ dá omi dúró lọ́jọ́ náà.

2. Ẹ dojú ìkòkò dé díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ewéko náà lè jáde. Bí ó bá há, ẹ gé ìkòkò rọ́bà náà. Ẹ má fi ewé fà á.

3. Ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣan gbòǹgbò. Ẹ wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Gbòǹgbò tó dára máa ń le lọ́wọ́, ó sì máa ń funfun tàbí kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó ti rà dúdú. Bí ẹ bá fi ìka méjì fà á, èèpo rẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan á sì kù nínú rẹ̀. Òórùn rẹ̀ dà bíi ti omi tí a rẹ ẹ̀gẹ́ sí fún fùfú.

4. Ẹ fi spírítì nu ọ̀bẹ tàbí bíléèdì, kí ẹ gé gbogbo ibi tó ti rà kúrò. Bí ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ bá dúdú, ẹ máa gé e lọ títí ẹ ó fi kan ibi tó mọ́ tónítóní. Ẹ máa nu ọ̀bẹ láàárín. Ẹ má ṣàánú: ibi kékeré tó bá kù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rà.

5. Ẹ tẹ́ ewéko náà sórí bébà níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, lábẹ́ ibòji, fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ.

6. Ẹ pèsè iyẹ̀pẹ̀ tuntun: kóńgò méjì ilẹ̀ dúdú, kóńgò méjì yanrìn odò tó rí wóróworó, àti kóńgò kan èédú tí ẹ fọ́ wẹ́wẹ́. Ẹ má lo amọ̀. Ẹ má lo iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́.

7. Ẹ yan ìkòkò tó fi díẹ̀ tóbi ju gbòǹgbò tó kù lọ, tó sì ní ihò nísàlẹ̀. Ìkòkò amọ̀ dára jù, nítorí ara rẹ̀ ń fa omi jáde. Bó bá jẹ́ ike pẹ́ńtì ni ẹ ní, ẹ lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti lo ìkòkò náà rí, ẹ fi bílíìṣì ife kan sínú omi ife mẹ́sàn-án rẹ ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ṣan án, kí ẹ sì sá a sóòrùn.

8. Ẹ gbìn ín, kí ìtàkùn rẹ̀ wà ní abẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ báyìí. Ẹ má rì í jìn. Bí kò bá lè dá dúró, ẹ fi igi ràn án lọ́wọ́.

9. Ẹ dúró ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó bomi rin ín fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kó òkúta sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n ní kí omi lè rọ́nà jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kì í tètè kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ bọ́ sáàárín òkúta. Orí òkúta ló máa ń dúró sí, ìyẹn ni pé ẹ gbé ẹrẹ̀ náà sún mọ́ gbòǹgbò. Ihò ni kí ẹ lu.

Bí gbogbo gbòǹgbò bá ti tán

Ẹ wá ewé kan tó ṣì le. Ẹ gé e sí abala tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10. Ẹ sàmì sí ìsàlẹ̀ abala kọ̀ọ̀kan, nítorí abala tí ẹ bá dojú rẹ̀ kọlẹ̀ kò ní ta gbòǹgbò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, kí ẹ wá ri ìsàlẹ̀ wọn bọ inú yanrìn tó tutù díẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3. Ó lè tó oṣù méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọmọ tuntun tó yọ.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ewé tiyín bá ní etí aláwọ̀ ìyeyè, ọmọ tó bá ti ara ewé gígé jáde kò ní ní etí náà, àwọ̀ ewé nìkan ni yóò ní. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọ̀ ìyeyè náà wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ pín ìtàkùn abẹ́ ilẹ̀ ni.

Ìtọ́jú lẹ́yìn ìwòsàn

Omi: ẹ lo ọwọ́ ìgbálẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà. Bí àkókò bá tó, ẹ bomi títí yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tó jáde nù. Nígbà òjò, ó lè lo oṣù kan kó tó tún fẹ́ omi. Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, àmọ́ ẹ ṣì yẹ ìsàlẹ̀ wò. Ẹ má da omi sí àárín ewé.

Ìmọ́lẹ̀: ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni ààyè rẹ̀. Ó lè fara da kọ̀rọ̀ yàrá, àmọ́ kò ní dàgbà níbẹ̀, omi rẹ̀ kò sì ní tètè gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e bọ́ sí oòrùn, ẹ máa gbé e síta ní wákàtí kan, lẹ́yìn náà wákàtí méjì, títí tí yóò fi mọ́ ọn lára.

Ajílẹ̀: ẹ má fún aláìsàn ní ajílẹ̀. Ẹ dúró títí ewé tuntun yóò fi yọ. Lẹ́yìn náà, ìlàjì ṣíbí tíì NPK 15-15-15 nínú omi lítà 4, lẹ́ẹ̀kan lóṣù méjì nígbà òjò, ti tó.

Kòkòrò: bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú ní kọ̀rọ̀ ewé, tàbí okùn wẹ́wẹ́ bíi ti aláǹtakùn nígbà ọyẹ́, ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ewé. Ẹ po ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi tí kò le sínú omi lítà 1, kí ẹ fi nù ún lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má fọ́n oògùn apakòkòrò dichlorvos sínú yàrá. Májèlé tó ń pa ènìyàn ni. Láti ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀ ní ọjà gbangba àti súpámákẹ́ẹ̀tì.

Ìlera ará ilé

Ẹ̀fọn: omi tó dúró sínú àwo ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ́ ibi tí ẹ̀fọn Aedes ń yé sí. Ẹ̀fọn yìí ló ń gbé ibà pọ́njú kiri. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin á ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Ẹ da omi náà nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi kàn-ìn-kàn-ìn fọ àwo náà, nítorí ẹyin rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ara àwo, ó sì lè wà láàyè níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìrí omi.

Ọmọdé àti ẹran ilé: oje ọjá ìkookò lè mú kí ènìyàn bì, kí ikùn sì máa run ún. Ajá àti ológbò náà kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọ kò ti ní tó o. Bí ọmọ bá jẹ ẹ́, ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú ègé ewé náà lọ́wọ́. Ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má sì fi tipátipá mú un bì.

Ìbéèrè tí a sábà máa ń gbọ́

*Ṣé òótọ́ ni pé ó ń fọ afẹ́fẹ́ inú ilé?* Àwọn onímọ̀ NASA dán an wò ní ọdún 1989, àmọ́ inú àpótí kékeré tí a dé pa ni. Àyẹ̀wò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé nínú ilé gidi, ó máa gba ewéko 10 sí 1,000 lórí ilẹ̀ mítà kan níbùú lóròó kó tó lè ṣe iṣẹ́ tí fèrèsé ṣíṣí ń ṣe. Ẹ gbìn ín nítorí ẹwà rẹ̀, kí ẹ sì máa ṣí fèrèsé.

*Ìgbà wo ni mo máa mọ̀ pé ó ti yè?* Bí ẹ bá rọra tì í lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ tí kò mì, gbòǹgbò ti mú ilẹ̀. Bí ṣóńṣó ewé tuntun bá wá yọ lójú ilẹ̀, ó ti yè nìyẹn. Àwọn ewé tó ti bàjẹ́ kò ní padà bọ̀ sípò. Ẹ gé wọn kúrò.

*Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀, kò sì yí padà.* Ẹ má hú u lójoojúmọ́ láti wò ó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìparí

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọjá ìkookò nílé, ẹ lọ wo ìdí ìkòkò rẹ̀ lónìí. Bí kò bá ní ihò, ẹ lu ihò sí i. Bí omi bá wà nínú àwo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ dà á nù. Ẹ fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú ilé tó bá fẹ́ bomi rin ín kọ́kọ́ fi wò ó.