Kábọ́ọ̀nù Kan Ṣoṣo Ló Parí Oògùn Náà

Ní ọdún 1949, dókítà ọmọ ilẹ̀ Philippines kan, Abelardo Aguilar, bu erùpẹ̀ ní agbègbè Iloilo, ó sì fi í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ apoògùn Eli Lilly ní Amẹ́ríkà. Nínú erùpẹ̀ náà ni wọ́n ti rí bakitéríà tí à ń pè ní Saccharopolyspora erythraea lónìí. Nígbà tó fi máa di 1952, oògùn tí wọ́n fà yọ lára rẹ̀ ti dé orí àtẹ: erythromycin, èyí tí dókítà sábà máa ń kọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ pẹnisílìn.

Báwo ni ohun tí ojú lásán kò rí ṣe ń po oògùn? Yóò kọ́kọ́ mọ òrùka kan tó ní átọ́ọ̀mù 14, yóò wá so ṣúgà méjì mọ́ ọn. Síbẹ̀, agbára oògùn náà kò tíì pé. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ EryG ló ń parí iṣẹ́. Ìran methyltransferase ni, iṣẹ́ ìran wọn sì ni kí wọ́n gba methyl, ìyẹn kábọ́ọ̀nù kan àti háídírójìn mẹ́ta, lára ohun kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn. EryG ń gbà á lára S-adenosylmethionine, èyí tí ara tiwa náà ń ṣe. Bó bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀kan nínú ṣúgà méjèèjì, erythromycin C di erythromycin A, tó lágbára jù ú lọ.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Oògùn yìí ń dí ọ̀nà inú ráíbósóòmù, níbi tí bakitéríà ti ń ṣe purotéènì. Bakitéríà sì ni ẹni tó ń pò ó. Kí ló dé tí kò ràn án? Methyltransferase mìíràn, ErmE, ló ń ṣọ́ ọ. Ó ti lẹ methyl méjì mọ́ ojú kan lára ráíbósóòmù, oògùn kò sì ríbi dì mú mọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní 1971, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Lai àti Weisblum fi hàn pé irú àmì methyl kan náà wà lára ráíbósóòmù bakitéríà Staphylococcus tí erythromycin kò ràn mọ́. Bakitéríà sì ń fún ara wọn ní jíìnì tó ń mú irú ààbò bẹ́ẹ̀ wá. Bí a bá gbé oògùn yìí mì nítorí òtútù tí fáírọ́ọ̀sì fà, kò ní wo òtútù náà. Àwọn bakitéríà tí kò láàbò nìkan ni yóò dín kù, àwọn tó ní in yóò rí àyè bí sí i. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àìsàn tó jẹ́ tirẹ̀.