Kọ́ríńtì ti Mississippi: Ìlú Tí Ojú Irin Bí

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, bí ẹ bá gbọ́ Kọ́ríńtì, ó dájú pé lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ni yóò kọ́kọ́ wá sí yín lọ́kàn. Ṣùgbọ́n Corinth kan wà ní Amẹ́ríkà níbí, ìlú kékeré ní àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Mississippi, nítòsí ààlà Tennessee.

Ojú irin méjì ló bí ìlú náà ní nǹkan bí ọdún 1854. Ọ̀kan ń bọ̀ láti Memphis, ó forí lé ìlà-oòrùn. Èkejì ń bọ̀ láti Mobile létí òkun, ó forí lé àríwá. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni wọ́n tẹ ìlú dó sí. Cross City ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, ìyẹn Ìlú Oríta. Oníwèé ìròyìn kan, W. E. Gibson, ló dábàá orúkọ Corinth, nítorí pé oríta ni Kọ́ríńtì ti Gíríìsì náà.

Oríta dára fún ọjà, àmọ́ lásìkò ogun, tọ̀tún-tòsì ló ń fẹ́ ẹ. Nígbà Ogun Abẹ́lé, ìlú yìí ni Àríwá ń lé bọ̀ tí ìjà Shiloh fi ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1862. Láàárín ọjọ́ méjì, àwọn tó kú, tó fara gbọgbẹ́ tàbí tó di àwátì lé ní 23,000. Ní òpin oṣù karùn-ún, àwọn ọmọ ogun Gúúsù yọ́ kúrò ní Corinth lóru. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti dé, wọ́n á hó yèè, kí ọ̀tá lè rò pé ìrànlọ́wọ́ ló dé!

Bí Àríwá ṣe gba ìlú náà ni àwọn ẹrú ń sá kúrò lóko ọ̀gá wọn wá síbẹ̀, títí wọ́n fi tó 6,000. Wọ́n kọ́ ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn. Wọ́n gbin òwú àti ẹ̀fọ́. Nǹkan bí 2,000 ọkùnrin wọṣẹ́ ológun. Òfin ti de kíkọ́ ẹrú níwèé ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Gúúsù. Síbẹ̀, lọ́dún 1863, ó lé ní 1,000 lára wọn, tọmọdé tàgbà, tó mọ ìwé kà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n kó wọn lọ sí Memphis. Lónìí, ìjọba ń tọ́jú apá kan ilẹ̀ ibùdó náà, ère idẹ sì wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà ibẹ̀ lọ, ẹ yà, kí ẹ mú àwọn ọmọ dání. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìwé tó ń sú yín kà yẹn, ohun tí àwọn kan kọ́kọ́ wá nìyẹn nígbà tí wọ́n dòmìnira.