Ṣé O Mọ̀? Ohun Tí Kẹ̀kẹ́ Ológeere Ń Ṣe fún Ọkàn Tó Rẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ológeere tó kọ́kọ́ jáde kò ní pẹ́dà? Ní 1817 ni Karl Drais gùn ún jáde ní Mannheim, nílẹ̀ Jámánì. Ẹsẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀ tó fi ń lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ara ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ máa ń balẹ̀ ju ti ẹni tó wa mọ́tò lọ? Wọ́n wádìí èyí lára àwọn òṣìṣẹ́ kan ní Montreal, ní Kánádà, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2017: láàárín ìṣẹ́jú 45 àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ibi iṣẹ́, másùnmáwo àwọn oníkẹ̀kẹ́ kéré sí tàwọn onímọ́tò. Ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó bá ti há mọ́ rí kò ní bèèrè ìdí.

Ara fúnra rẹ̀ ló ń po oògùn ìtura yìí. Béèyàn bá ti wa kẹ̀kẹ́ fúngbà díẹ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ endocannabinoid a máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, á sì wọ inú ọpọlọ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ láti rìn lè gun kẹ̀kẹ́? Ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan ní Netherlands ti ń bá àrùn Parkinson fínra fún ọdún mẹ́wàá. Tó bá fẹ́ rìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lẹ̀ mọ́lẹ̀; ìṣísẹ̀ díẹ̀ péré ló lè gbé, kò sì lè yípo rárá. Àmọ́ nígbà tó gorí kẹ̀kẹ́, ńṣe ló ń wà á lọ geere. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, ẹsẹ̀ tún kọ̀. Àwọn dókítà rẹ̀ kọ ọ́ sínú New England Journal of Medicine ní 2010. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé pẹ́dà tó ń yí ló ń sọ fún ẹsẹ̀ ìgbà tó yẹ kó gbéra. Èmi ò tíì gbọ́ ohun tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀ nípa kẹ̀kẹ́.

Àbí o rò pé àfi kí òógùn bò ọ́ kí kẹ̀kẹ́ tó mú ọkàn rẹ fúyẹ́? Rárá o. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2019, àwọn àgbàlagbà láti ọdún 50 sí 83 gun kẹ̀kẹ́ ní ìdajì wákàtí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kẹ̀kẹ́ oníná tó ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́ làwọn kan gùn, ọkàn tiwọn gan-an ló sì fúyẹ́ jù. Mo gbà pé atẹ́gùn ìta wà lára oògùn náà.

Ní Bogotá, ní Kòlóḿbíà, wọ́n máa ń ti ojú títì tó lé ní 120 kìlómítà mọ́ ọkọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, láti aago méje àárọ̀ sí méjì ọ̀sán, kí tọmọdé tàgbà lè gun kẹ̀kẹ́ fàlàlà. Ọdún 1974 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó wù mí kí ìlú wa náà dán an wò.

Ṣé o sì mọ̀ pé ìjókòó tó lọ sílẹ̀ jù ló sábà máa ń mú kí orúnkún dunni? Gorí kẹ̀kẹ́, fi gìgísẹ̀ lé pẹ́dà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán. Tí kò bá nà, mú sípánà, kí o gbé ìjókòó náà sókè.