Bí Bàálù Aláìlẹ́ńjìnnì Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Òkè

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí, àdéhùn Versailles ti ọdún 1919 ka ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú léèwọ̀ fún Jámánì, ó sì dá ṣíṣe bàálù ẹlẹ́ńjìnnì dúró níbẹ̀ fún ìgbà kan. Àmọ́ kò mẹ́nu ba bàálù aláìlẹ́ńjìnnì, ìyẹn ọkọ̀ fúyẹ́fúyẹ́ tó jẹ́ pé apá gbọọrọ rẹ̀ àti afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbé e dúró lókè. Lọ́dún 1920, Oskar Ursinus tó ń ṣe ìwé ìròyìn nípa ọkọ̀ òfurufú pe àwọn ọ̀dọ́ tí fífò ṣì ń jẹ lọ́kàn jọ sórí Wasserkuppe, òkè kan tó ga tó mítà 950, kí wọ́n wá figagbága.

Agbára ènìyàn ló ń gbé ọkọ̀ wọn gbéra níbẹ̀. Àwọn kan á di ìdí rẹ̀ mú, àwọn yòókù á fa okùn rọ́bà tó wà nímú rẹ̀ sáré lọ sísàlẹ̀, bí okùn bá sì ti le tán, wọ́n á jọ̀wọ́ ìdí ọkọ̀, á sì ta sókè bí òkò inú kànnàkànnà. Lọ́dún 1922, Arthur Martens fi Vampyr, ọkọ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Hannover ṣe, fò ju wákàtí kan lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó bá kọ lu ẹ̀gbẹ́ òkè a máa fẹ́ sókè.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní òkè nítòsí ńkọ́? Ọdún 1927 ni Antonius Raab fi bàálù ẹlẹ́ńjìnnì fa ọkọ̀ Gottlob Espenlaub gòkè, láti ìgbà náà ni pápá pẹrẹsẹ ti tó fún eré yìí.

Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ ni fífa náà. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fà ló máa ń kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀, awakọ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó ga ju bó ti yẹ lọ, torí okùn lè gbé ìdí bàálù iwájú sókè, kí imú rẹ̀ dojú kọ ilẹ̀. Ìdí nìyí tí awakọ̀ méjèèjì fi ní ohun tí wọ́n lè fi tú okùn, tí wọ́n sì ń so ègé kan tó tètè ń já mọ́ ọn. Bí ẹni iwájú bá mi apá bàálù rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí ẹni ẹ̀yìn tú okùn lójú ẹsẹ̀ ni. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé, wọ́n sábà máa ń pínyà ní nǹkan bíi mítà 600, ti ẹ̀yìn á wá afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ti ilẹ̀ ru sókè, ti iwájú á sọ̀ kalẹ̀ wá fa òmíràn.

Ní ọ̀pọ̀ pápá, Piper Pawnee ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, bàálù tí wọ́n ṣe fún fífọ́n oògùn sóko, tó sì mọ ẹrù wúwo í gbé láìsáré.