Gbèsè Tí Ilé-Ẹjọ́ Kì í Pa Rẹ́

Bí ọjà kò bá tà mọ́, tí owó yíyá sì wọ oníṣòwò kan lọ́rùn ní Tudun Wada, Minna, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kí ó fi òru bojú sá kúrò nílùú. Ikú yá ju ẹ̀sín, ni Yorùbá wí. Ṣùgbọ́n òfin la ọ̀nà mìíràn sílẹ̀, bí ọ̀nà náà tilẹ̀ ní ibi tí ó pin sí.

Láyé àtijọ́, olówó a rán ológò lọ dógò ti onígbèsè. Yóò jókòó sílé rẹ̀, yóò máa pariwo, títí owó yóò fi jáde. Ẹlòmíràn a fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sọfà. Èlé lásán sì ni iṣẹ́ ìwọ̀fà, kò dín owó kù. Àwọn Ìjẹ̀ṣà aláṣọ tí ń tajà àwìn kiri náà gba orúkọ Òṣómàáló, nítorí pé lórí ìlóṣòó ni wọ́n ń wà títí wọn yóò fi gba owó wọn.

Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1979 ni a ń lò báyìí fún ẹni tí ó wọko gbèsè. Ilé-Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ẹjọ́ náà ń lọ. A ó kó ohun-ìní onígbèsè jọ, a ó pín in fún àwọn olówó rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ilé-ẹjọ́ lè tú u sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyókù.

Àmọ́ àwọn gbèsè kan wà tí ìtúsílẹ̀ yìí kò kàn. Èkíní ni èyí tí jìbìtì bí, bíi ti alájọ tí ó fi èrú kó owó oníowó jẹ. Èkejì ni owó tí ìjọba ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó rú òfin owó-orí tàbí ti owó ibodè. Ẹ̀kẹta ni owó tí ilé-ẹjọ́ dá léni lórí nínú ẹjọ́ ìgbéyàwó tàbí fún ìtọ́jú ọmọ, àyàfi bí ilé-ẹjọ́ bá yọ̀ǹda. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, onígbèsè tí a tú sílẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ owó ìtanràn.

Èyí tí ó kan ará ìdálẹ̀ jùlọ ni ti onígbọ̀wọ́. Bí a bá tú onígbèsè sílẹ̀, a kò tú onígbọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó tọwọ́ bọ̀wé nítorí pé ọmọ ìlú kan náà ni wọ́n, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni olówó yóò yà sí.

Nítorí náà, kí ẹni tí owó há lọ́wọ́ rẹ̀ tètè pe àwọn olówó rẹ̀ jókòó, kí ó tó di ẹjọ́. Kí ẹni tí a bẹ̀ pé kó ṣe onígbọ̀wọ́ sì kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá òun lè san owó náà.